Kí Ni Ariwo, Kí Ni Àwòrán? Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ Lórí Fífọ Fídíò Àtijọ́ Mọ́ ní Ilẹ̀ Òkun

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà fọ ariwo kúrò lára àwòrán fídíò àtijọ́ tí wọ́n ti gbé sínú kọ̀ǹpútà. Ojú lámèyítọ́ ni iṣẹ́ náà fi wo ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ojú àwọn tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jiyàn lórí bí ó ṣe yẹ kí a kọ lítíréṣọ̀ alohùn sílẹ̀. Aṣọ pupa Bùnú, ilà ojú àti ọwọ́ onílù ni àpẹẹrẹ tí iṣẹ́ náà lò láti fi hàn pé ohun tí ẹ̀rọ ń pè ní ariwo lè jẹ́ ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú àwòrán. Èrò tí iṣẹ́ náà gbé kalẹ̀ ni pé ìtumọ̀ ni fífọ àwòrán mọ́ jẹ́. Nítorí náà, ẹ̀dà tí wọn kò fọ̀ gbọ́dọ̀ wà nípamọ́, kí ẹni tí ó fọ àwòrán sì kọ ohun tí ó ṣe sílẹ̀.

Ìfáàrà

Ìkòyí jẹ́ ìlú kan ní ilẹ̀ Ìjùmú, ní agbègbè Kàbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Kì í ṣe Ìkòyí ti Èkó, kì í sì í ṣe ìlú Oníkòyí. Ìjùmú pẹ̀lú Ìyàgbà, Owé, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni wọ́n para pọ̀ tí wọ́n ń jẹ́ Òkun, orúkọ tí ó jáde láti inú ìkíni wọn. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara ni wọ́n wà kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ọdún 1991.

Ibi tí àwọn ará Òkun wà láàrin àwọn ọmọ Yorùbá kan ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ yìí ń sọ. Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ni ọ̀pọ̀ àwọn fíìmù àti eré tẹlifíṣàn Yorùbá ti jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe ìsìnkú àgbà, ìgbéyàwó, ìwúyè tàbí ọdún ìbílẹ̀ ní Ìkòyí àti àwọn ìlú tí ó yí i ká kò lè fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé fíìmù wọ̀nyẹn. Téèpù tí àwọn ẹbí sanwó fún oníkámẹ́rà láti gbà, tí ó wà nínú àpótí tàbí lórí àjà, ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò wá kiri. Àwọn àgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, tí wọ́n kọrin, tí wọ́n sì jó nínú téèpù àwọn ọdún 1980 àti 1990 kò sí láyé mọ́, tí ó bá ku ẹnì kan, ó kù díẹ̀.

Àkókò kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ní oṣù keje ọdún 2016 ni ilé iṣẹ́ Funai ti ilẹ̀ Japan dáwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ fídíò VHS dúró. Ní ọdún 2019, UNESCO àti àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí àkójọ ohùn àti fídíò, IASA, jùmọ̀ ké gbàjarè pé àwọn ẹ̀rọ tí ó lè ka téèpù ń tán lọ, àti pé ohun tí wọn kò bá gbé sínú kọ̀ǹpútà ní kíákíá lè máà ṣeé wò mọ́. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó téèpù wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ tí yóò gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro tí iṣẹ́ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò ti bẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ́ kì í sábà gbé àwòrán náà bí ó ti wà. Ó máa ń fọ̀ ọ́ kí ó lè kílíà. Lẹ́yìn tí ó bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ̀dà tí ó mọ́ nìkan ni yóò fún oníbàárà, wọn a sì ju téèpù nù.

Orísun ariwo àwòrán

Bí téèpù VHS àtijọ́ bá ń lọ lójú tẹlifíṣàn, ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ ọn yóò rí wínníwínní tí ń jó bí eruku tí oòrùn àárọ̀ tàn sí. Ibi tí àwòrán ti ṣókùnkùn ni ó ti máa ń hàn jù. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń pè ní ariwo àwòrán nìyí. Bí ariwo ọjà ṣe ń bo ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wínníwínní yìí ń bo àwòrán.

Orísun rẹ̀ kò jẹ́ ẹyọ kan. Èkíní ni kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Bí iná bá kéré, bí ó ti máa ń rí ní àìsùn òkú tàbí nínú yàrá tí gílóòbù kan ṣoṣo ń tàn, kámẹ́rà yóò fi agbára gbé ìmọ́lẹ̀ kékeré tí ó rí ga, yóò sì gbé ariwo ga pẹ̀lú rẹ̀. Èkejì ni téèpù. Ìbú téèpù VHS kò ju ìdajì íǹṣì lọ, àwọn èérún kéékèèké tí wọ́n jẹ́ irin ni ó sì gbé àwòrán dúró. Bí oníkámẹ́rà bá dín eré téèpù kù kí ó lè gba wákàtí púpọ̀ sí i, ariwo yóò pọ̀ sí i. Ẹ̀kẹta ni dídọ́bì. Bí wọ́n bá da ẹ̀dà kọ láti ara ẹ̀dà, ariwo ti àkọ́kọ́ yóò wọ inú èkejì, èkejì yóò sì fi tirẹ̀ kún un. Ẹ̀kẹrin ni ọjọ́ orí. Ọ̀rinrin àsìkò òjò máa ń mú kí lẹ́ẹ̀ tí ó so èérún mọ́ téèpù rọ̀, èébu máa ń hù sí i, eruku ọyẹ́ sì máa ń wọ inú rẹ̀; gbogbo ìwọ̀nyí ni ó ń fa ìlà funfun tí ń já wìn-ìn kọjá lójú àwòrán.

Ó yẹ kí a mọ bí àwòrán tí VHS lè gbé ṣe kéré tó. Nínú ètò PAL tí Nàìjíríà lò fún tẹlifíṣàn analog, ìlà 625 ni ó wà nínú férémù kan, 576 nínú wọn ni ó gbé àwòrán. Férémù 25 ni ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pín sí ìdajì méjì tí kámẹ́rà kò gbà ní àkókò kan náà. Ní ti ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn, VHS kò lè fi ju nǹkan bíi 240 ìlà tí ó dúró ní òòró hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tí tẹlifíṣàn fúnra rẹ̀ lè fi nǹkan bíi 400 hàn. Ní ti àwọ̀, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: nǹkan bíi 40 péré ni. Èyí túmọ̀ sí pé ní orí VHS, àwọ̀ dà bí ọ̀dà tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá kùn sórí àwòrán tí wọ́n fi pẹ́ńsù̀ yà.

Wóró fíìmù yàtọ̀ sí ariwo téèpù

Àwọn ènìyàn máa ń da nǹkan méjì pọ̀ tí kò yẹ kí wọ́n dà pọ̀. Fíìmù tí wọ́n ń fọ̀ nínú kẹ́míkà, irú èyí tí wọ́n fi ya Àjàní Ògún (1976) àti Aiyé (1979), ní wóró. Wóró yìí kì í ṣe ohun tí ó bo àwòrán; òun gan-an ni àwòrán. Àwọn èérún kéékèèké ni wọ́n ṣù jọ tí wọ́n di ojú, ọwọ́ àti ewé tí òǹwòran ń rí. Ẹni tí ó bá ní kí òun yọ gbogbo wóró kúrò nínú fíìmù dà bí ẹni tí ó ní kí òun yọ òwú kúrò nínú aṣọ kí aṣọ lè dán. Ariwo téèpù ní tirẹ̀ jẹ́ àlejò: ẹ̀rọ ni ó mú un wá, kò sí níbi tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ lámèyítọ́ lórí fíìmù Yorùbá, nítorí orí téèpù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí àwọn fíìmù wọ̀nyẹn. Ọ̀rọ̀ Ọ̀run Mọ̀ọ́rú (1982), fíìmù Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, kì í ṣe àjèjì: àwọn olè da á kọ sórí fídíò, wọ́n sì tà á káàkiri, gbèsè ńlá sì ni ó kó onífíìmù sí. Nínú irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, wóró fíìmù àti ariwo téèpù ti gúnyán pọ̀. Ẹ̀rọ ìfọ̀wòrán kò lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ènìyàn tí ó mọ ìtàn ẹ̀dà náà ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí wọ́n rí fíìmù náà fúnra rẹ̀. Shaihu Umar (1976), fíìmù èdè Haúsá tí Adamu Halilu darí, jẹ́ àpẹẹrẹ rere: inú àkójọ ìjọba ní Jos ni wọ́n ti tún un rí, ilé iṣẹ́ Arsenal ní Berlin sì kópa nínú títún un ṣe títí wọ́n fi fi í han ayé níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin ní ọdún 2018. Ṣùgbọ́n fídíò ìsìnkú àgbà kan ní Ìkòyí kò ní fíìmù kankan lẹ́yìn rẹ̀. Téèpù náà ni ìbẹ̀rẹ̀, òun náà sì ni òpin.

Ẹ̀kọ́ inú VCD

Kì í ṣe òní ni àwọn Yorùbá kọ́kọ́ gbé fídíò àtijọ́ sínú ìlànà díjítà. Nígbà tí ọdún 2000 wọlé, VCD gba ipò kásẹ́ẹ̀tì VHS lọ́jà fíìmù àgbéléwò, àwọn fíìmù tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà lórí kásẹ́ẹ̀tì sì di ohun tí wọ́n ń tà lórí àwo pẹlẹbẹ. Àwo náà ń dán, kò ń ká mọ́ ẹ̀rọ lẹ́nu, kò sì gba àyè púpọ̀ nínú ilé. Àwọn ènìyàn yọ̀, wọ́n ní ó kílíà.

Ohun tí ojú kò tètè rí ni iye tí ó sọnù. Àmì 352 ní ìbú àti 288 ní òòró ni férémù VCD, èyí tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin àmì 720 ní ìbú àti 576 ní òòró tí ètò PAL díjítà ń lò. Láti fún àwòrán pọ̀ kí ó lè wọ inú àwo, ìlànà VCD máa ń ju ohun kéékèèké nù. Nítorí pé ariwo jẹ́ ohun kéékèèké tí kì í dúró sójú kan, ó máa ń gba àyè púpọ̀ nínú fáìlì. Àwọn tí ń ṣe VCD sì rí i pé bí wọ́n bá kọ́kọ́ nu ariwo kúrò, àwòrán yóò wọ inú àwo láìfọ́ sí bulọ́ọ̀kù bulọ́ọ̀kù. Ohun tí ó bá ariwo lọ ni ìran aṣọ, irun orí, ewé igi àti ìlà tín-ín-rín. Bí ó bá jẹ́ VCD nìkan ni ó ṣẹ́ kù lónìí nínú ẹ̀dà fíìmù kan, kò sí ọgbọ́n kan tí ó lè dá ohun wọ̀nyẹn padà.

Ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà fọ àwòrán

Ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ ń lò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣeé pín sí ìsọ̀rí mẹ́ta.

Ọ̀nà kìíní ń wo inú férémù kan ṣoṣo. Ó ń mú àmì kọ̀ọ̀kan, ó ń fi í wé àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń mú kí wọ́n jọra. Ọ̀nà yìí yá, kò sì nira. Àléébù rẹ̀ ni pé kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ariwo àti ohun tín-ín-rín tí ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bí ó ti ń pa wínníwínní rẹ́ ni yóò máa pa ìlà aṣọ òfì rẹ́.

Ọ̀nà kejì ń wo ọ̀pọ̀ férémù tí ó tẹ̀ léra. Ariwo ń yí padà láti férémù dé férémù, ohun tí ó wà níwájú kámẹ́rà kì í sì í sábà yí padà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ìpíndọ́gba férémù 4 tí ohun inú wọn dúró sójú kan, ariwo yóò dín kù dé ìdajì. Bí ó bá jẹ́ férémù 9, yóò ku ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọ̀nà yìí lè mú ohun tí ó fara pamọ́ jáde láìdá ohunkóhun sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àléébù rẹ̀ hàn níbi tí nǹkan bá ti ń yára rìn: ẹsẹ̀ oníjó yóò ní òjìji, ọwọ́ onílù yóò di méjì tàbí kí ó parẹ́. Àwọn ètò tí ó gbọ́n jù máa ń kọ́kọ́ tọpa ibi tí ohun kan gbà lọ kí wọ́n tó ṣe ìpíndọ́gba, ṣùgbọ́n ariwo púpọ̀ lè ṣi àwọn náà lọ́nà.

Ọ̀nà kẹta ni ti òye àtọwọ́dá. Wọ́n ti fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán kọ́ ètò kọ̀ǹpútà bí àwòrán mímọ́ ṣe ń rí, òun náà yóò sì fi ohun tí ó ti kọ́ dí àlàfo tí ó bá rí. Àbájáde rẹ̀ máa ń dùn ún wò jù ti ìyókù lọ, ohun tí ó sì mú un léwu jù nìyẹn. Ojú tí ó mọ́ kedere tí ètò náà gbé jáde kì í ṣe ojú tí kámẹ́rà rí ní gbogbo ọ̀nà. Ojú tí ó ṣeé ṣe ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn ojú tí ó ti rí níbòmíràn. Bí kò bá sí ojú àgbà tí ó kọlà nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ilà kì í ṣe àbùkù téèpù?

Àwọn òyìnbó náà ti jiyàn lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2010, wọ́n gbé ẹ̀dà Blu-ray fíìmù Amẹ́ríkà kan, Predator (1987), jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti nu wóró rẹ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ òǹwòran àti lámèyítọ́ bu ẹnu àtẹ́ lù ú pé awọ ojú àwọn òṣèré dà bí ìda. Àǹfààní tí àwọn wọ̀nyẹn ní ni pé fíìmù ìpìlẹ̀ ṣì wà nípamọ́, wọ́n sì lè padà sídìí rẹ̀. Ẹbí tí ó ti da téèpù nù ní Ìkòyí kò ní ibi tí yóò padà sí.

Aṣọ pupa, ilà ojú àti ọwọ́ onílù

Àpẹẹrẹ mẹ́ta yóò mú kí ọ̀rọ̀ yìí yéni dáadáa.

Àkọ́kọ́ ni aṣọ. Àwọn Bùnú, tí àwọn àti Ìjùmú jọ jẹ́ Òkun, gbajúmọ̀ fún aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n ń hun, tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú àwọn ènìyàn pàtàkì àti fún ẹ̀wù eégún. Elisha Renne fi ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1995 ṣe àlàyé tí ó jinlẹ̀ lórí ipò aṣọ nínú ìgbé ayé Bùnú. Ẹni tí ó mọ aṣọ máa ń wo ọ̀nà tí wọ́n gbà hun ún: òwú wo ni wọ́n lò, àmì wo ni ó wà lára rẹ̀, báwo ni pupa rẹ̀ ṣe jìn tó. Ṣùgbọ́n pupa tí ó jìn ni VHS kò lè gbé rárá. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń tàn kọjá etí aṣọ, wínníwínní sì máa ń hó nínú rẹ̀ ju nínú àwọ̀ mìíràn lọ. Nítorí náà, aṣọ ìpò ni ibi àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ ìfọ̀wòrán yóò dojú kọ. Bí ó bá ti ṣe tán, aṣọ tí wọ́n fi òwú hun, tí ó ní àmì, yóò ti di pátákó pupa kan tí ó tẹ́jú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wo ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ yóò rò pé aṣọ ọjà lásán ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti adìrẹ àti aṣọ òfì tí iṣẹ́ Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú, ti mú kí ayé mọ̀.

Èkejì ni ilà ojú. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣàpèjúwe ilà Ìyàgbà pé ìlà gígùn mẹ́ta ni lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n jìnnà síra lẹ́yìn, tí wọ́n sì pàdé ní igun ẹnu. Bí kámẹ́rà bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán kí ó lè rí gbogbo agbo, tí ojú ẹnì kan sì gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú àwòrán, kò ju nǹkan bíi 32 ohun tí ó ṣeé dá mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí VHS lè fi sí ìbú ojú náà. Ilà kan kò tó ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí yóò ṣẹ́ kù nínú ilà ni òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ tí kò lágbára ju ariwo lọ. Nínú férémù kan ṣoṣo, kò hàn. Ṣùgbọ́n bí férémù bá ń tẹ̀ léra, ojú ènìyàn yóò kó òjìji náà jọ díẹ̀díẹ̀, yóò sì mọ̀ pé ilà ni. Ọ̀nà kìíní yóò pa ilà náà rẹ́ pátápátá. Ọ̀nà kejì lè mú un hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí ẹni náà bá jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀nà kẹta lè nù ún kúrò, tàbí kí ó ya òmíràn síbẹ̀. Ilé àti ìran tí ènìyàn ti wá ni ilà ń sọ. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán.

Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ onílù. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lu ìlù láti inú fídíò nílò gbogbo ìdajì férémù 50 tí ó wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí pé ọ̀pá ìlù lè ti lọ kí ó sì ti bọ̀ láàrin àkókò bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ tí ń kánjú máa ń pa ìdajì kan rẹ́, tàbí kí wọ́n po méjèèjì pọ̀, kí wọ́n tó fọ ariwo. Àwòrán yóò dùn ún wò, ìlù yóò sì máa dún, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò ní bá ohùn mu mọ́.

Èrò méjì tí ó takora

Àwọn kan gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fídíò àtijọ́. Wọ́n ní bí ó ṣe rí ni kí ó wà. Èrò yìí kò tọ̀nà délẹ̀. Ariwo téèpù kò sí níbi ìsìnkú náà. Kò sí àgbà tí ó jókòó síbẹ̀ tí wínníwínní ń jó lójú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wo àwòrán tí ó dọ̀tí fún wákàtí kan kò ní fẹ́ wo òmíràn. Fáìlì tí ariwo kún inú rẹ̀ tóbi, owó dátà sì wọ́n. Olùkọ́ tí ó fẹ́ fi fídíò kọ́ni níwájú kíláàsì ní ìdí tí ó fi fẹ́ kí ó mọ́.

Àwọn kejì gbà pé bí ó bá ṣe mọ́ tó ni ó ṣe dára tó. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwòrán tí kò ní ariwo kankan mọ́ ti pàdánù ohun mìíràn pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé kò sí ètò kan tí ó lè yọ gbogbo ariwo láìmú àwòrán dání.

Àríyànjiyàn yìí kò ṣàjèjì nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá. Nígbà kan rí, ẹni tí ó bá da ìjálá tàbí rárà kọ láti orí téèpù máa ń yọ ìdákẹ́, ìkọ́, ìdásí àwọn òǹwòran àti ọ̀rọ̀ tí apohùn ṣèèṣì pè méjì kúrò, kí ewì lè mọ́ lójú ìwé. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn wá fi yéni pé ìṣeré kò pé láìsí ìdásí òǹwòran, àti pé àwítúnwí lè jẹ́ ọgbọ́n apohùn. Ohun tí wọ́n pè ní ìdọ̀tí tẹ́lẹ̀ di ara ẹ̀kọ́. Ẹni tí téèpù rẹ̀ wà nípamọ́ ni ó lè padà lọ gbọ́ ohun tí ó ti yọ. Ọ̀nà kan náà ni ti fídíò. Oníṣẹ́ tí ó pinnu pé èyí ni ariwo, èyí ni àwòrán, ti ṣe ìtumọ̀. Kò sì yẹ kí ìtumọ̀ ẹnì kan jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí yóò ṣẹ́ kù. IASA náà fi ìlànà yìí lélẹ̀ fún àwọn olùtọ́jú àkójọ: wọ́n gbọ́dọ̀ gbé téèpù sínú kọ̀ǹpútà bí ó ti wà, orí ẹ̀dà mìíràn sì ni àtúnṣe gbọ́dọ̀ ti wáyé.

Omi ìfọṣọ: ọ̀nà tí a fi lè dán iṣẹ́ wò

Ẹni tí ó ń fọ aṣọ aláró máa ń wo omi. Bí omi bá ru pẹ̀lú ìdọ̀tí, iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Bí omi bá di aró, aṣọ ni ó ń lọ. Irú ìdánwò yìí wà fún fídíò. Kọ̀ǹpútà lè yọ ẹ̀dà tí wọ́n fọ̀ kúrò nínú ẹ̀dà tí wọn kò fọ̀, kí ó sì fi ohun tí ó ṣẹ́ kù hàn gẹ́gẹ́ bí àwòrán. Ohun tí ó ṣẹ́ kù yẹn ni omi ìfọṣọ. Bí ó bá jẹ́ wínníwínní tí kò ní ìrísí kankan, ariwo ni wọ́n yọ. Ṣùgbọ́n bí etí gèlè, ìlà aṣọ, igun ẹnu tàbí ìka ọwọ́ bá hàn nínú rẹ̀, àwòrán ni wọ́n ti ń fọ̀ dànù, ó sì yẹ kí wọ́n dín agbára ẹ̀rọ kù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìdánwò yìí kò ṣeé ṣe bí ẹ̀dà tí wọn kò fọ̀ kò bá sí. Èyí nìkan tó ìdí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fọ ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ó ní.

Ohun tí ó kan olùkọ́

Olùkọ́ Yorùbá kò ní láti di onímọ̀ ẹ̀rọ kí ó tó lè tọ́jú téèpù ìlú rẹ̀. Àwọn ìlànà wọ̀nyí tó láti bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, kí wọ́n kọ́kọ́ nu ẹ̀rọ kí wọ́n tó nu àwòrán. Hẹ́ẹ̀dì tí ó dọ̀tí máa ń fa ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní ariwo. Téèpù tí ó ní èébu kò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ títí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tọ́jú yóò fi rí i. Bí ọwọ́ bá lè tẹ ẹ̀rọ TBC tí ń tún ìlà tí ó ń gbọ̀n tò, kí wọ́n lò ó.

Èkejì, kí wọ́n gba àwòrán náà ní àmì 720 sí 576 láìfún un pọ̀ lọ́nà tí ohunkóhun yóò fi sọnù. Wákàtí kan bẹ́ẹ̀ yóò gba nǹkan bíi 75 gígábáìtì. Ìlànà FFV1, tí wọ́n sọ di ìlànà àgbáyé ní ọdún 2021, lè dín in kù dé bíi ìdajì láìpàdánù ohunkóhun. Díìsìkì térábáìtì kan lè gba ju wákàtí 20 lọ lọ́nà yìí. Bí téèpù bá lágbára, kí wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà lè fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra, kí ó sì yọ ariwo tí ẹ̀rọ fà lẹ́ẹ̀kan péré láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà lórí téèpù.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n fọ ẹ̀dà mìíràn fún kíláàsì, kí wọ́n sì kọ orúkọ ètò tí wọ́n lò, bí agbára rẹ̀ ṣe tó àti ọjọ́ tí wọ́n lò ó sínú ìwé tí yóò máa bá fáìlì náà lọ.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n pe àgbà tí ó mọ ayẹyẹ náà kí ó jókòó wo ẹ̀dà méjèèjì. Ẹni tí ó mọ aṣọ, tí ó mọ ilà, tí ó sì mọ ìlù ni ó lè sọ pé, "Ohun kan wà níbí tí ẹ ti pa rẹ́." Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ̀karùn-ún, iṣẹ́ àṣetiléwá tí ó dára ni fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE. Kí olùkọ́ fún wọn ní ìṣẹ́jú méjì nínú fídíò kan, ẹ̀dà tí wọ́n fọ̀ àti èyí tí wọn kò fọ̀, kí ó sì ní kí wọ́n kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi hàn tí èkejì kò fi hàn. Wọn yóò kọ́ bí a ṣe ń wo àwòrán gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, wọn yóò sì mọ ìdí tí ẹ̀rí fi nílò ìpìlẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ariwo téèpù àti wóró fíìmù kì í ṣe ohun kan náà, pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fọ àwòrán yàtọ̀ síra ní ewu àti ní àǹfààní, àti pé ohun tí ó tín-ín-rín jù nínú àṣà ni ó kọ́kọ́ máa ń bá ariwo lọ. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Téèpù tí ó ti gbó nínú àpótí ní Ìkòyí jẹ́ àkísà àgbà: ó dọ̀tí, ó ya, ṣùgbọ́n òwú tí ó wà nínú rẹ̀ kò sí níbòmíràn. Kí wọ́n fọ ẹ̀dà rẹ̀, kí ọmọ àti ọmọ-ọmọ lè wò ó pẹ̀lú ìdùnnú. Kí wọ́n sì tọ́jú èyí tí wọn kò fọ̀, nítorí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè ní ojú àti ẹ̀rọ tí yóò rí nínú rẹ̀ ohun tí àwọn ti òní kà sí ariwo.